Ìbátan Méjì Létí Odò Ọya

Ní Mopti, lórílẹ̀-èdè Mali, níbi tí odò Bani ti pàdé Odò Ọya, koríko kan náà ni mo rò pé ó bo gbogbo irà. Ẹni tó ń tukọ̀ wa rẹ́rìn-ín, ó ní méjì ni wọ́n. Ìrẹsì ìgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, ìbátan tímọ́tímọ́ sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n omi ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀kan ń hù nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, nítorí náà ó ń yára. Kí omi tó gbẹ tán, á ti gbọn èso rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á sì kú. Èso náà ni yóò hù nígbà òjò. Lára rẹ̀ ni àwọn baba ńlá ti yan ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà, ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn.

Èkejì fẹ́ràn ibi tí omi ti ń pẹ́. Ó ń ta ẹ̀ka lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń wà láti ọdún dé ọdún. Àwọn àgbẹ̀ kórìíra rẹ̀, torí bí wọ́n bá tu ú, á tún rú. Bẹ́ẹ̀ lára irú rẹ̀ tó wá láti Mali ni wọ́n ti rí Xa21, àbùdá tí ń dáàbò bo ìrẹsì lọ́wọ́ àrùn tí ń mú ewé gbẹ. Ọdún 1995 ni àwọn onímọ̀ yà á sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí irà bá gbẹ, kì í ṣe koríko lásán la pàdánù. Oúnjẹ ọ̀la àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀.