Egbò Tí Kò Dùn Mí

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí ẹsẹ̀. Mo ti jẹ́ tèmi níbẹ̀: egbò mú mi lẹ́sẹ̀, Ọlọ́run wò mí sàn, ẹ bá mi yin Olúwa. Wọ́n lùlù, mo jó. Irọ́ kọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni mo fò. Ohun tí n kò lè sọ níwájú pẹpẹ ni pé inú mi dùn sí àìsàn náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí pé kò dùn mí.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìdí-Ìrókò, àmọ́ òjò ló máa ń pinnu bí kò ṣe jìnnà tó. Láfún ni mò ń ṣe. Odò kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn la ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, a ó wọ inú rẹ̀ dé orúnkún. Ní 2018, kókó kan yọ sí mi lójúgun, ó tó hóró ẹ̀pà, ó ń yí kiri lábẹ́ awọ. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò dùn. Ẹsẹ̀ wú, kò dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan awọ là, omi jáde, mo sì ru ẹ̀gẹ́ lọ sódò lọ́jọ́ náà gan-an. Egbò yìí fẹ̀ lábẹ́ ju bó ṣe fẹ̀ lókè lọ. Mo ti igi ìṣáná bọ abẹ́ etí rẹ̀, igi náà wọlé tán, n kò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹni tí kò bá gbé lọ́dọ̀ wa lè ní kí ló dé tí n kò wá dókítà. Nílé wa, ìrora ló ń bá èèyàn tọrọ owó ọkọ̀. Bí ọmọ bá ké mọ́jú, bàbá rẹ̀ á ta ewúrẹ́. Bí obìnrin bá ń rọbí tó ń pariwo, ọlọ́kadà á dìde lóru. Ìyàwó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lu, tó sì ń dáná, tó ń sá láfún, ta ni yóò yá owó nítorí rẹ̀? Láti Ìdí-Ìrókò dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Abẹ́òkúta, o máa gba Owódé, o máa gba Ìlaròó, o máa gba Papalantọ, kí n má tíì sọ ti kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà tó ń dá mọ́tò dúró. Èmi fúnra mi kò ní ná owó náà.

Oògùn aláwọ̀ àlùkò ni wọ́n fi kùn ún fún mi ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Ẹlòmíì ní kí n tú kápúsù, kí n da ìyẹ̀fun rẹ̀ sí i. Nígbà tí kò san, wọ́n ní mo tẹ nǹkan, ojú sì lọ sára ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dẹ́kun àti máa gba iwájú ilé wa lọ sọ́jà.

Obìnrin ará Ìfọ̀nyìn kan tó máa ń wá ra láfún ló ní kí n ká ìró mi sókè. Kò tíì wò ó tán tó fi ní, "Ẹ gbé e lọ sí Pobẹ̀. Ó mú ọmọ àbúrò mi rí." A kọjá bodè sí Ìgolo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, a gba Ìfọ̀nyìn, a gba Sákété, a dé Pobẹ̀. Ìlú àwọn ará wa ni, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ káàdì. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti egbò yìí, tí àjọ Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé ń ràn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Buruli lorúkọ rẹ̀, pé agbègbè kan ní Uganda ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ ìyá ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀, àmọ́ kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì bíi tiwọn; ẹ̀bá odò tí kò ṣàn ló máa ń wà. Oró tó ń tu ló ń jẹ ẹran ara, oró náà ló sì ń pa ìmọ̀lára ibẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ rántí.

Ọjọ́ 56 ni wọ́n fi ń lo oògùn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ streptomycin wà nínú rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gánà àti níbẹ̀ ní Pobẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó di oògùn oníhóró, rifampicin àti clarithromycin. Egbò tèmi ti fẹ̀ jù, wọ́n ní láti bó awọ itan mi lẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ó wá dùn mí o! Àbúrò mi ló ń dáná fún mi lẹ́yìn ilé, òun àti àwọn ará Nàìjíríà mìíràn. A pọ̀ níbẹ̀. Ní 2018, àwọn dókítà tẹ ìwádìí kan jáde lórí 82 ọmọ Nàìjíríà tí Buruli mú, tó jẹ́ pé Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti gba ìtọ́jú.

Mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ìjọba wa ti bodè, ní oṣù Kẹjọ 2019. Ìrẹsì ni wọ́n ní àwọn ń lé. Ọkọ mi gba ọ̀nà ẹ̀bùrú gbé gààrí wá bá mi, bí onífàyàwọ́. Oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún ní kí epo má ṣe dé ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè. Ẹ wo ọlọ́kadà tó yẹ kó gbé aboyún lóru, níbo ni yóò ti rí epo? Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí bodè Ìdí-Ìrókò padà.

Buruli wà nínú orúkọ ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀. Inú ń bí mi pé orúkọ náà kò dé abúlé wa kí ẹsẹ̀ mi tó lu, pé ẹni tó ń ra láfún ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹni tí ìjọba ń san owó fún. N kò lè fi èyí náà kún ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ní mi ò moore.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń gba iwájú ilé wa padà, ṣùgbọ́n kì í jókòó.

Àwọn ìyá máa ń gbé ọmọ wá fi hàn mí báyìí. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo kàn máa ń fọwọ́ tẹ kókó náà, máa ń bi ọmọ bóyá ó ń dùn ún. Bó bá ní kò dùn, inú ìyá rẹ̀ á dùn, á fẹ́ máa gbé e lọlé. Mo máa ń di aṣọ rẹ̀ mú, mo sì ń bi í pé èló ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.