Lẹ́yìn tí Fíìmù Ọmọ Ọba bá Parí



Ẹ dé Gbági lọ́sàn-án nígbà tí oníbàárà bá ṣọ̀wọ́n, ẹ óò bá àwọn tó ń ta aṣọ nídìí fíìmù lórí fóònù. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ọmọ ọba méjì tó ń du ìtẹ́ bàbá wọn. Kíá, oníkálukú á ti yan tirẹ̀: ẹ̀gbọ́n ló ni ín, àbúrò ló tọ́ sí. Bí wọ́n bá ti dé ẹnì kan ládé, fíìmù parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí kò parí síbẹ̀. Ológun Kútẹ̀rẹ̀ ti Èkó bí Ọ̀sìnlókun, Àdèlé àti Akítóyè. Àdèlé, tí a ń rántí pé ó fi àyè gba àwọn Mùsùlùmí, ló kọ́kọ́ jọba. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ọ̀sìnlókun lé e lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn méjèèjì kú, ìjà kò kú. Akítóyè jọba ní 1841, ó sì ní kí Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọ̀sìnlókun, padà wálé láti ibi tó sá sí, bí Ẹlẹ́tù Òdìbò tilẹ̀ kìlọ̀ fún un. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ yìí kan náà lé e kúrò lórí oyè. Akítóyè wá tọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní December 1851, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn sí Èkó, wọ́n dá a padà sórí ìtẹ́. (Òwò wà nídìí ẹ̀ o, kì í ṣe oore lásán.) Kò pé ọdún mẹ́wàá sí i, ní 6 August 1861, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé, Èkó bọ́ sọ́wọ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Kútẹ̀rẹ̀ ló wá jogún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àìmọ ẹ̀sìn ló fà á. Kálífà Harun al-Rashid mú ọmọ rẹ̀ méjèèjì, al-Amin àti al-Ma'mun, lọ sí Mẹ́kà ní 802. Wọ́n búra, wọ́n sì gbé ìwé àdéhùn wọn kọ́ sí Kaaba. Bàbá kú ní 809. Nígbà tó fi di 813, àwọn ọmọ ogun al-Ma'mun ti pa al-Amin ní Baghdad. Ìwé tí wọ́n gbé kọ́ sílé Ọlọ́hun ni mo sọ yẹn o! Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) ti kìlọ̀ fún Abdur-Rahman ọmọ Samurah pé kó má tọrọ ipò, torí ẹni tó bá tọrọ rẹ̀ gbà, òun nìkan ni wọn yóò dá ẹrù rẹ̀ dá.

Ẹ lè ní tiwa n'Íbàdàn yàtọ̀, pé ìlà oyè méjì la ní, pé a kì í jogún Olúbàdàn lọ́wọ́ baba ẹni. Òótọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìtẹ́ tí ọmọ ìyá ń torí ẹ̀ bára wọn jà ní Gbági kò gbà ju àga méjì àti pẹpẹ aṣọ lọ. Suuratun-Nisaa sì ti pín in: ti opó wà níbẹ̀, ti ìyá wà níbẹ̀, ti ọmọbìnrin tí wọ́n máa ń sọ pé ó ti lọ sílé ọkọ náà wà níbẹ̀. Gbèsè la ó kọ́kọ́ san, ká mú àsọtẹ́lẹ̀ olóògbé ṣẹ, ká tó pín ohun tó kù.

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ṣì wà láyé, ṣé àwọn ọmọ yín mọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó aṣọ?