Kí Ló Ń Dènà Àwọn Akọni Gọ́ọ̀fù Yúróòpù?

Nínú eré gọ́ọ̀fù, orúkọ kan wà tí ó jọ oríkì, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kí a fi ki òun: ọ̀gá láàárín àwọn tí kò gba ife ńlá rí. Colin Montgomerie, ọmọ ilẹ̀ Scotland, jẹ́ orúkọ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 1993 dé 1999, ọdún méje gbáko, òun ni ó ṣe ipò kìíní láàárín àwọn eléré Yúróòpù. Ó sì tún ṣe é ní 2005. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje ńlá mẹ́rin tí gbogbo ayé fi ń wọn akọni gọ́ọ̀fù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó ṣe ipò kejì. Kò gba ọ̀kankan.

Àwọn kan a máa di ẹ̀bi náà ru ilẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin, Masters, US Open àti PGA Championship, Amẹ́ríkà ni wọ́n wà. The Open nìkan ni ó wà ní apá Yúróòpù. Àlejò sì lójú, kò fi ríran. Lẹ́yìn tí Tony Jacklin gba US Open ní 1970, ogójì ọdún kọjá kí ọmọ Yúróòpù mìíràn, Graeme McDowell, tó gbà á. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò kún ojú òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn Paul Lawrie ní 1999, ọmọ Yúróòpù kankan kò gba èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí di 2007, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni The Open wà. Láàárín ọdún wọ̀nyí kan náà, nígbà tí méjìlá Yúróòpù bá kojú méjìlá Amẹ́ríkà fún Ryder Cup, Yúróòpù ni ó ń borí: ní 2002, 2004 àti 2006. Ti 2004, ní Michigan, lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an, àmì 18½ sí 9½ ni. Koríko ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn nígbà náà.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí a ṣe ń ka ìgbá. Nínú Ryder Cup, ẹni tí ó bá bà á jẹ́ ní ihò kan, ihò kan náà ni ó pàdánù. Àwọn mọ́kànlá yòókù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìdíje ńlá, ihò 72 láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo ìgbá ni a ń kà, olúkúlùkù sì ń dá tirẹ̀ jẹ̀bi ni. Jean van de Velde, ọmọ Faransé, kò nílò ju ìgbá mẹ́fà lọ ní ihò ìkẹyìn The Open 1999. Méje ni ó gbá. Bí Lawrie ṣe rí ife náà gbà nìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n tún figagbága.

Ti Montgomerie ni ó dunni jù. Oṣù Okúdù 2006 ni, ní Winged Foot, ìpínlẹ̀ New York. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà níbi tí ó dára ní ihò kejìdínlógún. Ìgbá mẹ́rin níbẹ̀ ìbá sọ ọ́ di olúborí. Ó ní láti dúró de ẹni tí wọ́n jọ ń gbá. Ó mú ọ̀pá kan, ó dá a padà, ó mú òmíràn. Bọ́ọ̀lù náà kò dé ibi tí ó yẹ. Nígbà tí yóò fi wọ ihò, ó ti gbá mẹ́fà; Geoff Ogilvy, ọmọ Australia, fi ìgbá kan ṣoṣo borí.

Ṣebí Phil Mickelson, ọmọ Amẹ́ríkà, náà gbá mẹ́fà ní ihò yẹn lọ́jọ́ kan náà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ife ńlá mẹ́ta ti wà nílé Mickelson. Ìṣubú tirẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ kan. Ti Montgomerie gorí ẹrù tí ó ti ń rù láti 1994, nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣe ipò kejì. Ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dín. Ìrántí ni ó ń pọ̀ sí i.

Sergio García, ọmọ Spéìn, mọ ẹrù yìí. The Open 2007 bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́; Masters 2017, ìdíje ńlá kẹrìnléláàádọ́rin rẹ̀, ni ó tó gbà. Rory McIlroy, ọmọ Northern Ireland, tilẹ̀ gba mẹ́rin láàárín 2011 sí 2014, síbẹ̀ ọ̀nà dí fún un lẹ́yìn náà fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù Igbe 2025, ní Augusta, ó tún tàsé bọ́ọ̀lù kúkúrú tí ìbá fi parí ọ̀rọ̀. Òun àti Justin Rose, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, padà sí ihò kejìdínlógún. McIlroy borí, ó kúnlẹ̀, ó sunkún. Rose kan náà ni García borí lọ́nà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ní 2017. Ṣùgbọ́n Rose ti gba US Open ní 2013. Kò sí ẹni tí ó lè fi orúkọ ọjọ́sí ki òun.