Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Páwà Páàkì Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí, ilé kíkọ́ àti ìnáwó ìgbéyàwó ni a sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, inú kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ gbé òwe náà lọ lónìí.

Ní Ẹdùnàbọ̀n níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ òṣèré ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ń ká eré Yorùbá tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀, wọn a sì fi kọ̀ǹpútà gé e, wọn a tò ó. Dell OptiPlex 9020 tí ó jẹ́ tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà, iṣẹ́ yìí sì wúwo fún un. Ní ọdún 2023, àwọn òbí dá owó kí a lè ra káàdì àwòrán, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní graphics card. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní RTX 3060 ni àwọn fẹ́, kí a fi ìyókù owó ra páwà páàkì olówó pọ́ọ́kú. Ọwọ́ mi ni owó náà wà. Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ àti èlùbọ́ wà nínú àwọn tó dá a. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń dán nǹkan wò.

Kí ni iṣẹ́ páwà páàkì? Iná tí a fi ń ṣe ìwọ̀n ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230, ó sì máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà kò lè jẹ oúnjẹ yìí ní tútù. Páwà páàkì ni ó ń sè é, tí ó ń sọ ọ́ di iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ní fóòtì 12, 5 àti 3.3. Láti ara fóòtì 12 ni káàdì àwòrán ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò. Ojú ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ lè fún un ní wọ́ọ̀tì 75. Bí káàdì bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà ni yóò ti ara páàkì wá bá a: ẹlẹ́nu mẹ́fà ń gbé wọ́ọ̀tì 75, ẹlẹ́nu mẹ́jọ ń gbé 150. RTX 3060 lè jẹ wọ́ọ̀tì 170, Nvidia tó ṣe é sì ní kí páàkì tí yóò gbé e tó 550. Páàkì tó wà nínú kọ̀ǹpútà wa jẹ́ 290, kò sì ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ rárá. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ lè jẹ 84. Ẹ fi 84 kún 170, ó di 254. Èló ló kù fún dísíìkì, fáànù àti àwọn ẹ̀yà yòókù? Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè kàn gbé páàkì mìíràn sí i, nítorí pé ẹnu tí Dell fi so tirẹ̀ mọ́ pátákó yàtọ̀ sí ẹlẹ́nu 24 tó wọ́pọ̀ lọ́jà.

Páàkì olówó pọ́ọ́kú ńkọ́? Mo yẹ irú rẹ̀ wò níbi tí wọ́n ti ń tà á. Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára rẹ̀ ni 650. Ṣùgbọ́n nínú àtẹ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ fóòtì 12 sí, áńpíà 20 péré ni mo rí. Ìlọ́po 12 lọ́nà 20 jẹ́ 240. Níbo ni ìyókù wà? Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Páàkì burúkú kì í sì í dá kú. Ó lè fa ẹ̀yà mìíràn lọ́wọ́ lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí àwa tí a ń lo tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn páàkì àtijọ́ ní bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Amẹ́ríkà ń lo nǹkan bíi fóòtì 120. Bí ẹrù bá ti ọ̀dọ̀ wọn dé tí bọ́tìnnì náà ṣì wà lórí 115, tí a sì kì í bọ iná wa, páàkì náà lè bú gbàù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ páàkì òde òní ni kò ní bọ́tìnnì yìí mọ́. Láti 100 dé 240 ni wọ́n lè gbà.

Mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé GTX 1050 Ti, tó jáde ní ọdún 2016, ni a ó rà. Wọ́ọ̀tì 75 ni ó ń jẹ, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò sì nílò wáyà kankan. Pẹ̀lú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó di 159. Páàkì wa yóò ṣì rí ibi mí. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o, ṣé nítorí pé a wà ní Ẹdùnàbọ̀n ni a ó fi máa lo èyí tí ayé ti lò kọjá?” Ìbéèrè náà dùn mí, nítorí pé kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Mo dá a lóhùn pé ní ọdún 2022, ní òkè òkun níbi tí iná kì í ti í ṣẹ́jú, ẹnu wáyà káàdì RTX 4090, tó lè jẹ wọ́ọ̀tì 450, yọ́ mọ́ àwọn kan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò mọ olówó, kò mọ tálákà.

Ìyókù owó ni a fi ra UPS, kí iṣẹ́ wọn má baà ṣègbé bí iná bá lọ lójijì. Òótọ́ ni pé RTX 3060 ì bá yá ju èyí lọ. Àwọn ọmọ náà ṣì máa ń dúró kí iṣẹ́ tó parí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń parí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó béèrè iye tí káàdì jẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páàkì rẹ̀. Ẹ mú bírò, kí ẹ ṣírò. Ìṣirò yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí kankan. Ire o.