Fèrèsé Màámi lórí laptop mi

Mo ti ṣèlérí fún àwọn kan nínú yín pé màá kọ nípa script tí mo fi ń mú kí fèrèsé orí kọ̀ǹpútà mi hàn gaara bíi gíláàsì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sún un síwájú, torí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti kọ̀ǹpútà. Ẹ máa rí i tó bá yá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí laptop. Computer Village, Ìkẹjà, ni mo ti rà á nígbà tí mò ń múra àtibọ̀ síbí. Tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ìlú ọba ló ti wá tààrà, èmi náà wá tún gbé e padà wá sílùú ọba. Bóyá ó tiẹ̀ mọ̀nà jù mí lọ. Ojú ẹ̀ kéré, ínǹṣì 13 péré. Windows tó wà lórí ẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín, ni mo bá yọ ọ́, mo gbé Linux sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní Xubuntu, torí pé kò wúwo.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Linux kì í ṣe àjèjì nílùú yìí? Ọdún 1991 ni Linus Torvalds gbé e jáde ní Finland. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 1992, Owen Le Blanc ní Manchester Computing Centre ti kó o pọ̀ mọ́ àwọn irinṣẹ́ mìíràn, kí èèyàn lè gbé e sórí ẹ̀rọ ara ẹ̀ láìṣe wàhálà púpọ̀. MCC Interim Linux ni wọ́n pè é, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ pàá. Ìlú yìí náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Baby ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní June 21, 1948. Tí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì ní Oxford Road, orí mi máa ń wú díẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí o, ẹ má dá mi lóhùn.

Wàhálà mi ni pé ojú kan ni kọ̀ǹpútà mi ní, iṣẹ́ sì jẹ́ méjì. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ìbàdàn, tó jẹ́ mẹ́jọ níbí lásìkò òtútù, ni Màámi máa ń pè mí lórí fídíò. Aago yẹn gan-an ni tísíìsì máa ń dùn ún kọ. Tí mo bá gbé fèrèsé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, iwé mi á há. Tí mo bá gbé e lé orí iwé, n ò ní rí nǹkan kan. Mo ní, kí ló dé tí n ò kúkú sọ wọ́n di gíláàsì, kí n máa rí wọn, kí n sì máa rí iṣẹ́ mi lẹ́yìn wọn?

Xubuntu ní ibi tí èèyàn ti lè sọ pé kí gbogbo fèrèsé tí kò bá sí lọ́wọ́ ṣá, àmọ́ gbogbo wọn náà ló máa ṣá. Màámi nìkan ni mo fẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: lórí X11, gbogbo fèrèsé ló ní àmì tí èèyàn lè kọ nǹkan sí lára. Ọ̀kan nínú wọn ni _NET_WM_WINDOW_OPACITY. Nọ́ńbà ló ń gbà. 0xffffffff túmọ̀ sí pé o ò lè rí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Òdo túmọ̀ sí pé fèrèsé náà ti pòórá. 0x66666666 jẹ́ ìdá 40 nínú 100, ibẹ̀ ni mo fi Màámi sí. wmctrl -l ni mo fi ń wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ fèrèsé náà, lẹ́yìn náà:

xprop -id $id -f _NET_WM_WINDOW_OPACITY 32c -set _NET_WM_WINDOW_OPACITY 0x66666666

Script àkọ́kọ́ tí mo kọ ń yẹ gbogbo nǹkan wò lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáànù laptop bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bíi jẹnẹrétọ̀. Ìgbà tí mo rí xprop -spy -root _NET_ACTIVE_WINDOW ni ara tù mí. Ṣe ló máa dákẹ́ bíi mẹgàádì tó ń sùn, àfi tí o bá kúrò lórí fèrèsé kan bọ́ sórí òmíràn ló tó máa sọ̀rọ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Wayland, ẹ má da ara yín láàmú. Kì í jẹ́ kí ètò kan fọwọ́ kan fèrèsé ètò mìíràn bẹ́ẹ̀.)

Ó ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọ tísíìsì lẹ́yìn ojú Màámi. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa ní “hẹn, mà”, “ẹ pẹ̀lẹ́, mà”.

Alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń tún tábìlì nọ́ńbà kan ṣe ní orí kẹrin. Mo gbọ́ ohùn wọn, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ní, “Ó dáa, mà. Ẹ bá mi kí wọn.”

Wọ́n dákẹ́.

“Àlàmú.”

“Mà.”

“Ta ni kí n bá ẹ kí?”

Mo tẹ fèrèsé wọn. Script ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ó dá ojú wọn padà kedere. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé etí ìró ni wọ́n fi ń nu ojú. Omi náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, orí àwọn nọ́ńbà mi ló wà, n ò rí i. Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ìdajì wákàtí pé dókítà ní kí àwọn wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún lọ́jọ́bọ̀, pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, pé àwọn èèyàn ti ń rí sí wọn bí ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá mi, kámẹ́rà ò tiẹ̀ rí mi mọ́. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

N ò pa script náà rẹ́, mo yí i padà ni. Ní báyìí, tí fèrèsé Màámi bá ti ṣí, ó máa wà ní 0xffffffff, gbogbo èyí tó kù á bọ́ sí 0x1a1a1a1a, bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi _NET_CLIENT_LIST kún -spy kó lè mọ ìgbà tí fèrèsé bá ṣí tàbí tó bá pa dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti kọ pé kó dá àwọn tó kù padà tí ìpè bá parí. Tísíìsì mi dà bí òkú, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. xprop -remove ló yọ mí.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, àbúrò mi obìnrin ló tẹ̀ lé wọn. Lálẹ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, wọ́n pè mí, wọ́n sún mọ́ fóònù, wọ́n wò mí títí.

“Àlàmú, o ti rù. Ṣé wọn kì í ta gààrí níbẹ̀ ni?”

Mo ní wọ́n ń tà á ní Moss Side, mà. Wọ́n ní èló ni. Mo dín owó ẹ̀ kù kí n tó sọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ script náà kó bọ́ sí inbox.