Ìsoríkọ́ àti Ìwọ̀n Oògùn

Orúkọ tí èdè wa fún àìsàn yìí, ìsoríkọ́, orí ló wà láàárín rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ó bá mú ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa, ìbọrí la kọ́kọ́ ń rò. N ò lòdì sí i. Èmi náà gbé obì àti omi tútù lọ bá àbúrò mi obìnrin ní Houston. A bọ orí rẹ̀, ó sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Oògùn tí dókítà fún un ló fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀.

Citalopram ni, mílígíráàmù 40 lójúmọ́. Obìnrin kan nínú ilé òrìṣà wa ti lo iye kan náà, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ń gbọ̀n, òòyì ń kọ́ ọ, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Àwọn kan ní Orí rẹ̀ ni kò gba oògùn òyìnbó, kó dà á nù lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, nítorí pé ewu wà nínú kéèyàn ṣàdédé já irú oògùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Dókítà kejì ló ní kí wọ́n yẹ jíìnì rẹ̀ wò. Itọ́ ẹnu lásán ni wọ́n gbà. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú citalopram palẹ̀ nínú ara, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní CYP2C19 ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Jíìnì tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló ń pinnu bóyá yóò yá tàbí yóò lọ́ra. Ti àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ rárá: ti àná kò tíì jáde tán tí ti òní fi ń wọlé. Ní 2012, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé irú wọn kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 20, kí oògùn náà má baà da lílù ọkàn wọn rú. Ti ẹlòmíràn yá jù. Oògùn á ti lọ kó tó ràn án, àwa á sì ní àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn. CYP2D6 tó ń tú paroxetine náà ní oríṣi kan tó ń lọ́ra, *17, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Àyẹ̀wò náà kì í sọ oògùn tí yóò woni sàn o. Ìwọ̀n ló ń ràn dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀. Àmọ́ àwa tí a gbà pé kálukú ló yan orí tirẹ̀ ní ilé Àjàlá, kí ló dé tí a fi rò pé ìwọ̀n kan ló yẹ gbogbo ara?

Wọ́n dín ti àbúrò mi kù díẹ̀díẹ̀ di 10. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. A ṣì ń bọ orí rẹ̀, ó sì ń sọ àgbo tó bá mu fún dókítà, nítorí ẹ̀dọ̀ kan náà ni àgbo ń gbà kọjá. Èmi náà ti fi itọ́ tèmi ránṣẹ́; ìyá kan, bàbá kan ni wá.