Sẹ́ńsọ̀ Kò Jẹ̀bi

Ní Ẹdẹ, ìlú Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì tó mọ ìlù dùndún lù, wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlù lè ṣi ijó jó. Ọkọ̀ òde òní náà ní èdè tirẹ̀.

Iná ẹ́ńjìnì tàn nínú ọkọ̀ awakọ̀ takisí kan níbẹ̀. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń jẹ epo. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ P0102. Mẹkáníìkì ní kí ó ra sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tuntun. Ó fi owó ilé-ìwé ọmọ rà á, iná kò kú.

Wáyà gbígbóná tín-ín-rín kan ń bẹ nínú sẹ́ńsọ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà ń tù ú; agbára iná tó ń mú un gbóná padà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ iye epo tí yóò tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n P0102 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ohun tó sọ ni pé àmì tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá kéré jù.

Ọ̀dọ́ rìwáyà kan ló yọ mítà. Ó ṣí kọ́kọ́rọ́, ó wọn ojú wáyà: fólítì 12 kò dé ibẹ̀. Ó tọ wáyà lọ títí ó fi rí ibi tó já sí nínú rọ́bà.

“Ẹ̀gbọ́n, sẹ́ńsọ̀ kò jẹ̀bi, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, kò sí owó àṣìṣe lọ́wọ́ awakọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wọn wáyà kí a tó ra sẹ́ńsọ̀.